Prelude mi kì í jí tí oòrùn bá ti pa á: kí ló ń ṣe é gan-an?

Ọmọ_Láfíàjí:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa fi mí rẹ́rìn-ín. Kò burú, ẹ rẹ́rìn-ín tán kẹ́ ẹ wá gbà mí.

Honda Prelude 1994 ni mò ń lò, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 2.3, jíà ọwọ́. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò ni mo ti rà á lọ́dún tó kọjá. Sùúrùlérè ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbangba ìta la máa ń páàkì sí níbẹ̀, kò sí igi, kò sí òrùlé.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Láàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti jí. Mo máa gùn ún dé Marina láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ máa lọ sílé, ẹ́ńjìnnì á máa yí, kò ní gbaná. Bátìrì ò kú o, ó ń yí bí ẹni tó jẹun kánú. Màá yí i, màá yí i, títí ọlọ́dẹ á fi máa wò mí tàánú-tàánú. Tí mo bá padà sókè lọ jókòó di aago mẹ́jọ alẹ́, tí mo sọ̀ kalẹ̀ wá, kọ́kọ́rọ́ kan péré, vùùm.

Èyí tó wá já mi láyà ni ti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo gba Adéníjì gun afárá Third Mainland, mo wà lórí eré, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ẹ̀ bá dákẹ́. Eré tó kù lára ẹ̀ ni mo fi dọ́gbọ́n dé ẹ̀gbẹ́. Dánfó tó wà lẹ́yìn mi ṣépè dé orí ìyá tó bí ìyá mi. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó jí padà bíi pé nǹkan kan ò ṣe é rí.

Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó pààrọ̀ bátìrì, ó pààrọ̀ asẹ́ epo, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún yọ thermostat dànù, ó ní kò wúlò nílẹ̀ wa. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe scan. Ó wá ojú ibi tó máa ki ẹ̀rọ ẹ̀ bọ̀ títí, kò rí i, ó ní ó jọ pé wọ́n ti yọ brain box ẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) tà. Owó ń tán lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?

Kòsọ́nà_Ọ̀ṣódì:
Pọ́ǹpù ni. Ayédèrú ló pọ̀ níta báyìí. Lọ sí Ládípọ̀, ra ojúlówó tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ tán.

Ọmọ_Láfíàjí:
Ẹ̀gbọ́n, mo ní ẹ̀ẹ̀mejì la ti pààrọ̀ ẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ìkejì.

Ọlọ́kọ̀_Tẹ́lẹ̀rí:
Omi ló wà nínú epo ẹ. Níbo lo ti ń rà á? Ní kí wọ́n ja táǹkì sílẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Tó bá ṣì kọ̀, tà á, kó o ra Accord End of Discussion bíi gbogbo ènìyàn. Kí ni ọmọ Èkó fẹ́ fi mọ́tò onílẹ̀kùn méjì ṣe nínú go-slow?

Rìwáyà_Mushin:
Àbúrò, má dá àwọn wọ̀nyí lóhùn. Omi inú epo wo ló máa ń dúró di aago mẹ́jọ alẹ́ kó tó kúrò?

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ rìwáyà. Honda ayé ìgbà yẹn, kí wọ́n di ojú mi, màá tú u. Ohun tó ń ṣe tìrẹ ní orúkọ: main relay.

Àpótí kékeré kan ni, kò ju páálí ìṣáná méjì tí wọ́n so pọ̀ lọ, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà dráífà ló wà. Switch méjì tí iná ló ń tẹ̀ wọ́n, tí à ń pè ní relay, ló wà nínú àpótí kan ṣoṣo yẹn. Ọ̀kan ń gbé iná fún brain box àti injector tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, èkejì ń gbé iná fún pọ́ǹpù epo. Òjé ni wọ́n fi jó ẹsẹ̀ wọn mọ́ pátákó pélébé kan nísàlẹ̀. Ooru mú un lónìí, ó tutù lálẹ́, ooru tún mú un lọ́la, fún ọgbọ̀n ọdún. Òjé yẹn á la yíká ẹsẹ̀ relay, ìlà tó tín-ín-rín bí irun orí. Tó bá tutù, irin ṣì ń kan irin. Tó bá gbóná, ojú ibi tó la yẹn á fi ara ẹ̀ sílẹ̀, iná ò ní kọjá mọ́. Pọ́ǹpù dákẹ́, ìwọ àti mẹkáníìkì rẹ á ní pọ́ǹpù ló bàjẹ́. Kí n má parọ́ fún ẹ, ó ṣeé ṣe kí pọ́ǹpù tí wọ́n kọ́kọ́ yọ dáa ju èyí tó wà níbẹ̀ báyìí lọ. Béèrè ibi tó wà.

Bó o ṣe máa mọ̀ nìyí. Tó bá tún kọ̀ jálẹ̀ lọ́sàn-án, má tíì yí ẹ́ńjìnnì. Pa rédíò, pa fáànù AC, gbé gíláàsì sókè kí ariwo títì má wọlé. Yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, kó o dúró. Iná check engine á tàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, á sì kú. Láàárín ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó o gbọ́ pọ́ǹpù lẹ́yìn, wùùùn, bí ẹ̀fọn tó há sínú ike. Wàá sì gbọ́ "tàk" lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí iná bá tàn tó sì kú ṣùgbọ́n tí ò sí wùùùn, ìhà pọ́ǹpù nínú relay yẹn ni kó o kọ́kọ́ mú. Tí iná check engine ò bá tiẹ̀ tàn rárá, ìhà tó ń bọ́ brain box ló kú.

Kòsọ́nà_Ọ̀ṣódì:
Tó bá jẹ́ relay ni, kí la tún ń náwó fún? Fa wáyà kan láti ibi fíùsì, gbé e lọ sórí pọ́ǹpù, direct. Tèmi ti wà bẹ́ẹ̀ láti bí ọdún mẹ́fà, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ìyá_Ẹ́ńjìnnì:
Ọmọ_Láfíàjí, jọ̀ọ́, má ṣe direct pọ́ǹpù. Mo bẹ̀ ẹ́ ni. Brain box ló ń pàṣẹ fún relay yẹn. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí mọ́tò dojú dé, brain box á rí i pé ẹ́ńjìnnì ò yí mọ́, á gé iná pọ́ǹpù. Èyí tó jẹ́ direct kò mọ nǹkan kan, á máa da epo lọ bí páìpù bá tilẹ̀ ti já sórí irin gbígbóná. Ẹ̀gbọ́n Kòsọ́nà, orí yín ló ń ṣọ́ yín láti ọdún mẹ́fà, kì í ṣe wáyà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Rìwáyà, mo gbọ́ tiyín, àmọ́ mi ò tíì gbà. Mọ́tò tó kú lórí eré tó wá jí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, igniter (ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná fún pílọ́ọ̀gì) inú distributor (tó ń pín iná yẹn kiri) ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Accord 1992 mi fi ojú mi rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra relay tuntun, mo fi sí i, ó tún kú sí Fadéyì. Igniter ni nígbẹ̀yìn. Ara ẹ́ńjìnnì ni distributor lẹ̀ mọ́, tó bá gbóná tán, igniter á sùn; tó bá tutù, á jí.

Ohun tí mo fi mọ̀ ni ọwọ́ RPM, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí yára tó. Inú igniter ni àmì tó ń gbé ọwọ́ yẹn ti ń wá. Tí mọ́tò bá kú nígbà tó ṣì wà nínú jíà, tí táyà ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì, tí ọwọ́ RPM bá já wálẹ̀ sí òdo lójijì bíi pé wọ́n gé e, igniter ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eré mọ́tò, wá ọ̀ràn epo lọ.

Kó o sì tú ìdérí distributor, kó o wo inú ẹ̀. Tó o bá rí ìyẹ̀fun pupa bí osùn níbẹ̀, bearing ọ̀pá àárín ti ń jẹ ara ẹ̀. Tó o bá rí ọ́ìlì, rọ́bà tó ń dí ọ̀pá yẹn ti gbó.

Rìwáyà_Mushin:
Ìyá wa, igniter máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ relay náà lè pa mọ́tò lórí eré. Àrùn kan ló ń ṣe mọ́tò yìí, ẹ má jẹ́ kó lọ ra ohun méjì.

Àgbà_Yábàá:
Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ láti àná. Ẹ̀yin méjèèjì mọṣẹ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ò tíì bi ọmọ yìí ní ìbéèrè kan: kí ló gbóná?

Ẹ gbọ́ ná. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló padà wá. Wákàtí mẹ́jọ ni ẹ́ńjìnnì yẹn fi jókòó láìṣiṣẹ́. Bó bá gbé ọwọ́ lé distributor lákòókò yẹn, kò ní gbóná ju nǹkan mìíràn tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ. Igniter tó máa ń sùn nítorí ooru ẹ́ńjìnnì, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Marina ló yẹ kó sùn, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti sinmi. Inú mọ́tò ni oòrùn ń sè látàárọ̀. Ibi tí wọ́n gbé main relay sí nìyẹn. Nítorí náà, lórí àìjí ọ̀sán, ọ̀dọ̀ Rìwáyà ni mo wà.

Ṣùgbọ́n ti orí afárá yẹn, ọ̀tọ̀ ni. Ó ní iná dáṣíbọ́ọ̀dù ṣẹ́jú. Relay kì í mú kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ṣẹ́jú, igniter náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú tí iná ṣì wà, ńṣe ni iná ọ́ìlì àti iná bátìrì máa tàn, wọ́n á sì dúró gbọn-in. Ó dà bíi pé àrùn méjì ló wà lára mọ́tò yìí.

Ọmọ mi, rántí dáadáa: nígbà tó kú lórí Third Mainland tó o ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé o fi tráfíkétọ̀ sí i? Ṣé ó tàn? Hazard ńkọ́? Rédíò ńkọ́?

Ti scan nìyí. Kò sẹ́ni tó yọ brain box rẹ tà, bí wọ́n bá yọ ọ́, kò ní jí rárá. Ojú ihò tí ọmọ yẹn ń wá, OBD2 ni, ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún mọ́tò tuntun. 1994 ni tìrẹ. Iná check engine fúnra ẹ̀ ló máa bá ẹ sọ̀rọ̀. Wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà ibi tí èrò iwájú ń jókòó sí, wàá rí pílọ́ọ̀gì kékeré aláwọ̀ búlúù, ihò méjì, kò sí ohun tí wọ́n ki bọ̀ ọ́. Mú ìkọ́ ìwé kan, tẹ̀ ẹ́, ki ẹnu ẹ̀ méjèèjì bọ ihò méjèèjì. Yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, má jí ẹ́ńjìnnì. Iná check engine á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Èyí tó bá pẹ́ kó tó kú, mẹ́wàá ni. Èyí tó bá yára, ẹyọ kan. Ẹyọ gígùn kan àti kúkúrú márùn-ún, 15 nìyẹn, ìhà igniter lò ń bá a wí. 4, 8 àti 9, àwọn sẹ́ńsọ̀ inú distributor. Kọ ohun tó o bá rí sílẹ̀ kó o wá sọ fún wa.

Kó o sì wá thermostat fi padà. Ẹni tó yọ ọ́ ò ràn ẹ́ lọ́wọ́.

Kòsọ́nà_Ọ̀ṣódì:
Ẹ jọ̀ọ́ sà, lórí thermostat, ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Àwọn òyìnbó ni òtútù ń mú. Mọ́tò mẹ́ta ni mo ti lò nílùú Èkó yìí, mo yọ ti gbogbo wọn, kò sí èyí tó gbóná jù rí.

Àgbà_Yábàá:
Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtútù òyìnbó. Ìlẹ̀kùn ni thermostat. Nínú Honda yìí, nǹkan bíi 78 ní ìwọ̀n Celsius ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Tó ò bá ní ìlẹ̀kùn, omi á máa sáré kọjá ṣáá, ẹ́ńjìnnì ò ní dé ibi tó yẹ kó gbóná dé lórí ìrìn gígùn, brain box á máa rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀ ni, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Bi ara ẹ léèrè iye epo tó o ń rà. Èyí tó bá há tí ò ṣí mọ́, pààrọ̀ ẹ̀, kì í ṣe kó o ju ilẹ̀kùn dànù torí pé ìkọ́ ẹ̀ dípẹtà.

Kòsọ́nà_Ọ̀ṣódì:
Mo ti gbọ́ sà. Mi ò ní fi sí i ṣá.

Ọmọ_Láfíàjí:
Ẹ kú ìyànjú o. Bàbá, ìbéèrè yín mú mi rántí ohun tí mo ti gbàgbé. Mo fi tráfíkétọ̀ sí i láti lọ sápá ọ̀tún, kò tàn! Ìdí tí dánfó yẹn fi ń ṣépè nìyẹn, ó ní mi ò fi àmì hàn. Rédíò náà dákẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo dúró tán, tí mo tẹ hazard, ó ń tàn, ó ń kú dáadáa.

Mo fi ìkọ́ ìwé ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Ó ṣẹ́jú kúkúrú mẹ́fà, ó sinmi, ó tún ṣẹ́jú mẹ́fà. Kò sí òmíràn. Kí ni 6?

Rìwáyà_Mushin:
Tráfíkétọ̀ kú, hazard yè! Bàbá, mo ti rí ibi tí ẹ ń lọ.

Àgbà_Yábàá:
O ṣeun tó o rántí. Orí bátìrì tààrà ni hazard ti ń gba iná. Tráfíkétọ̀, rédíò àti ẹ́ńjìnnì, kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé iná wọn. Nígbà tó kú lórí afárá, iná tó ń ti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ló já. Kì í ṣe bátìrì, kì í ṣe pọ́ǹpù, kì í ṣe igniter. Yálà ojú irin inú switch kọ́kọ́rọ́ ti jóná, tàbí kí ẹnì kan ti gé wáyà ẹ̀ sí ibì kan kó sì tún un so. Tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́, di kọ́kọ́rọ́ mú, gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀, má yí i. Tí iná bá ṣẹ́jú, a ti sún mọ́ ọn. Àdúgbò ilé ni kó o ti dán an wò o, kì í ṣe ojú títì.

6 ni sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó fún brain box. Ó ní wáyà méjì. Sẹ́ńsọ̀ tó ń gbé ọwọ́ ooru lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀tọ̀ ni, ìdí tí ọwọ́ yẹn fi ń ṣiṣẹ́ tí brain box ò fi mọ nǹkan kan nìyẹn. Mo lè fi owó lé e pé nígbà tí wọ́n ń yọ thermostat ni wọ́n yọ pílọ́ọ̀gì ẹ̀ tí wọn ò dá a padà. Kì í ṣe òun ló ń jẹ́ kó kọ̀ láti jí o, má lọ ra sẹ́ńsọ̀ nítorí ẹ̀.

Ìyá_Ẹ́ńjìnnì:
Bàbá, ẹ ti fi èyí kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo gbà pé ti orí afárá kì í ṣe igniter. Àmọ́ kó ṣì tú distributor yẹn wò.

Ọmọ_Láfíàjí:
Mo ti rí i! Pílọ́ọ̀gì aláwáyà méjì kan so rọ̀ sílẹ̀, eruku bò ó. Mo fọ̀ ọ́, mo ki í padà, mo tú orí bátìrì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àkọsílẹ̀ àtijọ́ lè parẹ́. 6 ti lọ. (Rédíò wá ń béèrè nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.)

Ní ọ̀sán òní, mo sọ̀ kalẹ̀ sí Marina ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Sítíárìn gbóná débi pé hankéṣíìfù ni mo fi dì í mú. Mo pa gbogbo nǹkan, mo gbé gíláàsì sókè, mo yí kọ́kọ́rọ́ dé ON. Iná tàn, ó kú. Kò sí wùùùn. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò sí. Mo ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rí àpótí yẹn, mo fi ike omi tútù kan tí mo rà lọ́wọ́ ọmọ tó ń ta omi lẹ̀ ẹ́ lára fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo nù ún kí omi má wọ inú ẹ̀. Mo tún yí kọ́kọ́rọ́. Wùùùn! Ó jí. Ọlọ́dẹ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Rìwáyà_Mushin:
Hẹn-ẹ́n! Ṣé ẹ rí i! Ike omi tútù, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, mo máa jí ọgbọ́n yẹn lọ.

Atúnfóònùṣe_Ìkẹjà:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbí, torí iṣẹ́ òjé ni tèmi, ní Computer Village. Bọ̀dá, ẹ má tíì ra relay. Tú àpótí yẹn, fi orí skrúdáífà tínínrín ṣí etí ike ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á yọ. Gbé pátákó yẹn sínú ìmọ́lẹ̀, fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ẹ wo àwọn ẹsẹ̀ tó nípọn jù. Ẹ máa rí òrùka dúdú kan yí ẹsẹ̀ náà ká, bí ojú oṣù nígbà tí wọ́n bá ní ó wọ agboòrùn. Ibẹ̀ ló ti la.

Ẹ má kàn fi òjé tuntun lé orí ti àtijọ́ o. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, á tún la lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Kí wọ́n fa èyí tó wà níbẹ̀ kúrò pátá, kí wọ́n nu ojú ẹ̀, kí wọ́n fi flux (ohun tó ń jẹ́ kí òjé lẹ̀ dáadáa) sí i, kí irin ìjóòjé gbóná dáadáa kí wọ́n tó fi tuntun sí i. Kí wọ́n ṣe gbogbo ẹsẹ̀, kì í ṣe èyí tó là nìkan. Kò gba atúnfóònùṣe tó mọṣẹ́ ju ìdajì wákàtí lọ.

Rìwáyà_Mushin:
Tuntun ṣì dáa jù, àbúrò mi. Òjé ti pé ọgbọ̀n ọdún, ojú irin inú relay náà ti pé ọgbọ̀n ọdún.

Atúnfóònùṣe_Ìkẹjà:
Tuntun wo, ẹ̀gbọ́n? Tòkunbọ̀ tí wọ́n máa tà fún un, ọdún kan náà ni wọ́n jọ bí i. Òjé tiẹ̀ náà ti là.

Rìwáyà_Mushin:
Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́.

Ọmọ_Láfíàjí:
Mo ti ṣe é. Ẹsẹ̀ méjì ló ti la, mo fi ojú ara mi rí òrùka dúdú yẹn. Ọ̀sán mẹ́rin rèé, oòrùn mẹ́rin, ó ń jí lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ mo gbọ̀n kọ́kọ́rọ́ bí Bàbá ṣe wí, nǹkan kan ò ṣẹ́jú. Ó sì tún kú lóru àná lórí afárá, ibi ojú àpapọ̀ irin tó máa ń gbọn mọ́tò jìgì nígbà tí èèyàn bá ń sọ̀ sí Adékúnlé. Tráfíkétọ̀ kú, hazard yè, bíi ti àkọ́kọ́.

Ìyá_Ẹ́ńjìnnì:
Ẹni tó ta mọ́tò yìí fún ẹ, ṣé ó fi security sí i rí? Cut-off, switch kékeré tó ń gé iná kí olè má lè jí mọ́tò, tí wọ́n máa ń fi pamọ́ sábẹ́ sítíárìn? Pè é, kó o bi í.

Rìwáyà_Mushin:
Òun gan-an ni mo fẹ́ sọ! Mo ti tú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀. Gbọ̀n wáyà, má gbọn kọ́kọ́rọ́. Fi ọwọ́ tẹ ìdìpọ̀ wáyà tó wà lábẹ́ sítíárìn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ_Láfíàjí:
Mo pè é. Ó kọ́kọ́ ní rárá. Lẹ́yìn wákàtí kan ó pè mí padà, ó ní hẹn, òun ti rántí, wọ́n jí Golf òun nígbà kan, torí ẹ̀ lòun ṣe ní kí wọ́n fi cut-off sí èyí, nígbà tí òun wá gbàgbé ibi tí bọ́tìnnì ẹ̀ wà, òun ní kí wọ́n so ó pọ̀ padà.

Mo tú ìdérí abẹ́ sítíárìn. Wáyà kan tó nípọn ni wọ́n gé, tí wọ́n fi ọwọ́ lọ́ ẹnu ẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni lọ́ okùn àpò gaàrí, tí wọ́n fi téèpù dúdú wé. Ooru ti yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù yẹn, ó ti tú, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Okùn wáyà mẹ́ta pere ló ṣì dì mọ́ra, àwọn yòókù ti di àwọ̀ ewé. Nígbà tí mo fi ìka kan án, mọ́tò kú. Mo tún fi ìka kan án, iná padà dé.

Àgbà_Yábàá:
Ó parí. Má fi ọwọ́ lọ́ ọ padà. Gé ibi tó dípẹtà yẹn kúrò, kí wọ́n jó o ní òjé tàbí kí wọ́n fi terminal tẹ̀ ẹ́ pa, kí wọ́n fi ọ̀rá tó ń fún mọ́ra wé e. Kí wáyà tí wọ́n bá fi kún un má tín-ín-rín ju tàtijọ́ lọ o, ibẹ̀ ni gbogbo iná ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá.

Rìwáyà_Mushin:
Àrùn méjì ni lóòótọ́, Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Àbúrò, gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé, màá jó o fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Má tíì dé ìdérí abẹ́ sítíárìn yẹn padà. Mo tún fẹ́ fi mítà wo okùn ẹ́ẹ̀tì (earth) láti ẹ́ńjìnnì sí ara mọ́tò. Tó bá ń sún mọ́ ààbọ̀ volt nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, a jọ máa pààrọ̀ ẹ̀.

Ìyá_Ẹ́ńjìnnì:
Distributor ńkọ́? O ò tíì dá mi lóhùn.

Ọmọ_Láfíàjí:
Àǹtí, mo tú u láàárọ̀ yìí. Kò sí ọ́ìlì. Àmọ́ ìyẹ̀fun pupa wà nísàlẹ̀ ẹ̀, tín-ín-tín, bíi osùn tí ẹ wí.

Ìyá_Ẹ́ńjìnnì:
Bearing ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò tíì yá. Bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ẹ̀.

Kòsọ́nà_Ọ̀ṣódì:
Pọ́ǹpù àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ yẹn, ṣé ó ṣì wà? Tó bá wà, màá rà á.